Ta la fẹ́ gbé ilé ẹbí lé lọ́wọ́? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà bá dìsáínà ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ẹ bá ń wá dìsáínà inú ilé, fọ́tò tó gbé sórí Instagram kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ bi í bó ṣe ń gba owó rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé orí àga, kọ́tìnì àti gílóòbù tó bá bá yín rà ló ti ń jèrè, kí ló máa mú un fẹ́ kí àga tí bàbá yín fi ọjọ́ ayé wọn jókòó lé ṣì wà ní pálọ̀? Kì í ṣe èèyàn burúkú o, bí òwò rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń gba owó lórí àròjinlẹ̀ àti àwòrán nìkan, àga yẹn kò dí i lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo yàrá.

Èmi gbà pé ọ̀nà tí owó ń gbà jáde ló ń pinnu bóyá ilé á jọ ẹbí tó ni ín tàbí á jọ òtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni mo ti wo gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ilé tiwa níbí sì yàtọ̀. Màmá àgbà lè máa gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan, kí àwọn ọmọ tó bí wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, tàbí lókè òkun. Bí Iléyá bá dé, tó di ọjọ́ kẹta tí í ṣe Ojúde Ọba, ilé tó ti dákẹ́ látọjọ́ pípẹ́ á kún dé ẹnu ọ̀nà. Kérésì ńkọ́? Ìsìnkú ńkọ́? Dìsáínà tó mọ fúláàtì Lẹ́kì dunjú lè ya pálọ̀ àga méje fún yín, kó ní iṣẹ́ parí. Kò mọ̀ pé ogójì èèyàn ló ń bọ̀, ẹ̀yin náà ò sì sọ fún un.

(Àwọn tó ń ṣe ibi àríyá lọ́ṣọ̀ọ́ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọwọ́ wọn sì dá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa tú kúrò lọ́jọ́ kejì ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má gbé ilé fún ẹnì kan torí pé àga tọkọtaya tó ṣe nígbèyàwó ọmọ yín dára.)

Ọ̀nà mẹ́ta náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ilé-iṣẹ́ láti Èkó, gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn | Dìsáínà tó ń gbé nítòsí | Àwòrán àti lísìtì nìkan |
|---|---|---|---|
| Owó wọn | Ìdá kan nínú gbogbo owó iṣẹ́, tàbí èrè lórí ọjà, tàbí méjèèjì | Owó iṣẹ́ tí ẹ jọ dá, nígbà míì èrè díẹ̀ lórí ọjà | Iye kan ṣoṣo, ó tán |
| Ẹni tó ń rajà | Àwọn | Ẹ̀yin àti òun | Ẹ̀yin |
| Ẹrù àtijọ́ ilé | Ó máa ń rí ọ̀nà jáde | Ó kù sí bí ẹ bá ṣe dúró lé e | Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ |
| Wàhálà tiyín | Kékeré | Ìwọ̀nba | Púpọ̀ |
| Bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bá já lẹ́yìn oṣù mẹ́fà | Ẹ pè, ẹ dúró | Ó lè yà lọ́jọ́ Sátidé | Káfíńtà yín ni kẹ́ ẹ pè |

Ilé-iṣẹ́ Èkó ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní: ẹnu kan lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní Houston tàbí Manchester, tí kò ní ẹnì kan nílé tó lè dúró ti bírikìlà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀nà yìí ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Wọ́n á wọn ilé, wọ́n á ya àwòrán kọ̀ǹpútà tó dà bíi fọ́tò, wọ́n á dá ọjọ́. Àmọ́ láti Èkó dé Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Owó ọkọ̀ àwọn oníṣẹ́, ibi tí wọ́n máa sùn àti ẹrù tí wọ́n ń kó wá, inú owó yín ló wà, bí wọ́n kọ ọ́, bí wọn ò kọ ọ́. Ará Ṣágámù àti Ìpẹru rí ti wọn ṣe díẹ̀, torí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, 7.5%, ti wà nínú iye tí wọ́n pè, nítorí ibẹ̀ ni iye náà ti máa ń gòkè lójijì.

Àwòrán kọ̀ǹpútà yẹn náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n kun ọ̀dà náà sára ògiri gan-an, kó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, kí ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ nígbà tí NEPA bá gba iná tó jẹ́ pé ínfátà ló ń ṣiṣẹ́.

Dìsáínà tó ń gbé nítòsí mọ káfíńtà tó ń pa irọ́ àti èyí tí kì í pa á. Ó mọ ibi tí pákó gbígbẹ wà. Màmá lè ránṣẹ́ pè é. Ibi tó ti máa ń kù díẹ̀ káàtó fún púpọ̀ nínú wọn ni àwòrán: òun nìkan ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, ó wà lórí, kò sí nínú ìwé. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán tó ní ìwọ̀n, tó fi ibi tí àga, iná àti sọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà hàn, ni ẹ ó fi bá ara yín sọ òótọ́ bí ọ̀rọ̀ bá di iyàn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù fún ilé tó ti ní ìtàn. Ẹ sanwó fún àwòrán, fún orúkọ ọ̀dà àti nọ́ńbà rẹ̀, fún lísìtì gbogbo ohun tí ẹ máa rà pẹ̀lú ìwọ̀n àti iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀yin fúnra yín ẹ lọ sí ọjà Orílé-Coker l'Ékòó fún táìsì, ẹ lọ sí ọjà Tejúoṣó níbẹ̀ fún kọ́tìnì, kí káfíńtà àdúgbò kan ìyókù. Dìsáínà lè wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó parí, ẹ san ìyẹn lọ́tọ̀. Ohun tó máa ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni ẹbí fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ní búlúù, àbúrò á ní eérú, ìyàwó ilé á fi fọ́tò míì ránṣẹ́ sórí WhatsApp láàárín òru. Ẹ yan ẹnì kan tí dìsáínà á máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ìjà yòókù parí láàárín ẹbí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Owó: ìdá, èrè, tàbí iye kan

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní dìsáínà ń gba 15% nínú owó iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, tirẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀. Bó bá ní kí ẹ mú táìsì tó wọ́n jù, àga tó wọ́n jù, tí owó iṣẹ́ wá di mílíọ̀nù mẹ́rìnlá, tirẹ̀ ti di mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ márùn-ún. Kò ya ìlà kan kún un. Ẹni tó ń gba ìdá lè jẹ́ olóòótọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ dá òkè owó dúró kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wà nínú ìwé pé ìdá rẹ̀ kò ní kọjá ti iye yẹn.

Èrè orí ọjà ṣòroó rí jù. "Ọ̀fẹ́ ni dísáìnì wa," ni àwọn kan máa ń wí, pàápàá àwọn tó ń ta àga. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Inú àga lẹ ti san án. Bí ẹ kò bá ní ẹrù kankan, tí ilé ṣófo gbayawu, ọ̀nà yẹn lè tó yín. Bí ilé bá ti ní nǹkan tí ẹ fẹ́ pa mọ́, ẹ wá ẹni tó ń gba iye kan ṣoṣo.

Ohun tó máa mú ilé jọ yín

Níbí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni èmi ti ń dán dìsáínà wò. Ẹ mú un lọ síbi àpótí Màmá. Ẹ wo ohun tó máa ṣe.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ olónà, lórí òfì ìdúró tó fẹ̀ ju òfì tí ọkùnrin fi ń hun aṣọ òkè. Ọnà ara rẹ̀ máa ń yọ sókè, ẹ máa rí ọ̀nì, ẹ máa rí ọ̀pọ̀lọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, aṣọ yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw) ní etí òkun Niger Delta, níbi tó ti di aṣọ ọlọ́lá. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀, bó bá wà nínú ilé yín, iyebíye ni. Dìsáínà tó mọṣẹ́ á ní kí ẹ nà án sínú férémù onígíláàsì, kó sì jìnnà sí ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, torí oòrùn máa ń pa àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi ran ìrọ̀rí kúṣìn.

Èyí tó tún le ni ìtàgbé. Aṣọ oyè Òṣùgbó, ẹgbẹ́ tí àwọn ibòmíì ń pè ní Ògbóni, nìyẹn, èjìká ni ipò rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì kékeré láàárín pálọ̀, tí wọ́n gbé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n lé e. Àgbà tó bá wọlé á rí i, kò ní sọ nǹkan kan, àmọ́ ó ti gba ohun tó gbà lọ. Kí ẹ tó lo irú nǹkan báyìí fún ọ̀ṣọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé bóyá ó yẹ kó hàn rárá. Dìsáínà Èkó kò lè mọ èyí fúnra rẹ̀, tìtorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ọ̀nà kejì tàbí ìkẹta sàn fún ilé ìdílé olóyè.

Àdìrẹ láti Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta dára fún kọ́tìnì àti ìrọ̀rí, kò sì ní èèwọ̀. Aró rẹ̀ lè yà o. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún kí ẹ tó gbé e sórí àga aláwọ̀ fífẹ́rẹ̀. Bí funfun náà bá di búlúù, ẹ fọ̀ ọ́ sí i.

Fọ́tò wá ńkọ́? Kò sí ilé tí kò ní in: bàbá nínú agbádá, ẹgbẹ́ regbérégbé lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹnì kan tó bá Ọba Síkírù Adétọ̀nà bọwọ́, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025. Wọ́n sábà máa ń so wọ́n mọ́ òkè ògiri, níbi tí ọrùn á fi máa dun ẹni tó ń wò. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn, kí ẹ̀dà wà lára ògiri, kí ojúlówó wà nínú àpótí gbígbẹ. Kí àárín fọ́tò wà ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀, ibi tí ojú èèyàn tó dúró wà. Kí wọ́n kó wọn jọ sójú kan, bóyá ògiri ọ̀nà àtẹ̀gùn, dípò kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa dá dúró káàkiri.

Bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti Brazil, irú èyí tó ṣì kù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi POP bo iṣẹ́ ọnà òkè fèrèsé rẹ̀. Ògiri amọ̀ ibẹ̀ náà, bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà glọ́ọ̀sì dí i, omi tó fà láti ilẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹni tó bá fẹ́ wó ògiri kan láti mú pálọ̀ fẹ̀, ẹnjiníà ni kó kọ́kọ́ wò ó. Dìsáínà kò ní àṣẹ lórí ìyẹn, bó ti wù kó lọ́lá tó.

Ìbéèrè tó yẹ kí dìsáínà bi yín

Ẹ ka ìbéèrè tó bá bi yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀ tí ẹ fẹ́ àti iye owó yín nìkan, ó kù.

Ó yẹ kó béèrè ọjọ́ orí Màmá, àti bí orúnkún wọn ṣe rí. Àga tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ńtímítà márùndínláàádọ́ta ni àgbàlagbà lè dìde lórí rẹ̀ láì pe ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú àga kúṣìn tó wà lóde báyìí kò ga tó bẹ́ẹ̀, ó sì rọ̀ jù. Ilẹ̀kùn yàrá àti ti balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí tó ọgọ́rin sẹ̀ńtímítà, kí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gba ibẹ̀ bọ́jọ́ kan bá pé. Irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáńgà. Táìsì tí kì í yọ̀ nílẹ̀ balùwẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń dán bíi dígí.

Ó yẹ kó béèrè iye èèyàn tó ń jẹun pa pọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò ọgọ́ta sẹ̀ńtímítà létí tábìlì, àga sì nílò nǹkan bí àádọ́rùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹlòmíì tó lè kọjá. Ibo ni àwọn àga ike máa wà nígbà tí àlejò bá lọ? Ibo ni kúlà ńlá, ìkòkò àríyá àti ọpọ́n máa wà? Yàrá kékeré kan fún ẹrù àríyá wúlò nílé Ìjẹ̀bú ju yàrá sinimá lọ. Mi ò mọ ẹni tó fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Kíṣìnì: àṣà tuntun ni kí ògiri má wà láàárín òun àti pálọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń se ìkókorè, tí wọ́n ń dín ẹja lójoojúmọ́? Òórùn á wọ kúṣìn, á bá àlejò lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí ògiri wà, tàbí kí ẹ ṣe kíṣìnì kejì sẹ́yìnkùlé fún iṣẹ́ gidi, kí èyí tó wà nínú ilé máa jẹ́ fún tíì.

Pákó àti ìmọ́lẹ̀

Ní ti pákó, àǹfààní wà fún wa. Igbó Ọmọ wà ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn, àwọn tó ń la pákó sì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Káfíńtà ibí lè fi apá tàbí ìrókò kan ilẹ̀kùn tí ikán kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn. Melina, tí wọ́n gbìn sínú igbó Ọmọ fún ilé-iṣẹ́ tákàdá ní Ìwópin, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé; inú kọ́bọ́ọ̀dù ló dára fún, kì í ṣe ìta. Ìṣòro ibí ni pákó tútù: bí wọ́n bá fi kan ilẹ̀kùn lónìí, ọyẹ́ á dé, á lọ́, kò ní padé mọ́. Pákó tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ni kí ẹ rà. Ohun tó ń ti Èkó wá sábà máa ń jẹ́ HDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀. Ó dán, ó gún régé, àmọ́ bí omi bá dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú kíṣìnì, wíwú ló kàn. Ẹ ní kí wọ́n lo marine board, pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́, níbi tí omi wà.

Ìmọ́lẹ̀ kò ní pẹ́. Gílóòbù tí wọ́n kọ 6500K sí (nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn) máa ń funfun bíi ti ilé ìwòsàn. 2700K sí 3000K ló yẹ pálọ̀ àti yàrá. Kí kíṣìnì gba 4000K.

Ta ni kó mú èwo

Bí ilé bá jẹ́ tuntun, tó ṣófo, tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ sì ní owó rẹ̀: ilé-iṣẹ́ Èkó, pẹ̀lú òkè owó tó wà nínú ìwé. Bí Màmá bá ń gbé inú rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó ṣí lọ síbì kan nígbà tí iṣẹ́ ń lọ: dìsáínà tó wà nítòsí, yàrá kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n parí yàrá Màmá kí wọ́n tó kan pálọ̀. Bó bá jẹ́ ilé bàbá, tó kún fún ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ nù, tí ẹnì kan nínú yín sì lè máa wálé lópin ọ̀sẹ̀: àwòrán àti lísìtì. Kò sì sí òfin tó ní kí ẹ má da méjì pọ̀. Ẹ lè ra àwòrán lọ́wọ́ ẹni Èkó tí iṣẹ́ rẹ̀ wù yín, kí ẹ gbé e fún ẹni Ṣágámù láti fi ṣiṣẹ́. Ẹ kàn sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni Èkó má bàa rò pé ẹ jí iṣẹ́ òun.

Bó bá jẹ́ Ojúde Ọba lẹ fẹ́ kí iṣẹ́ bá, ẹ rántí pé Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó kọjá lọ lọ́dọọdún. Ní 2025, oṣù kẹfà ló bọ́ sí, ìyẹn inú òjò. Nítorí náà, ọ̀dà ìta ilé gbọ́dọ̀ ti parí nígbà ọyẹ́, kí iṣẹ́ inú ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ kì í ṣeé rí mọ́ bó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí gbogbo ilé ló ń wá wọn.

Ìwé àdéhùn náà, kò dìgbà tó bá gùn. Kó sọ ẹni tó ń rajà àti rìsíìtì tí ẹ máa rí, iye ìgbà tí ẹ lè yí àwòrán padà láìsan kọ́bọ̀, lísìtì ẹrù àtijọ́ tí kò gbọ́dọ̀ jáde nínú ilé, àti bí owó á ṣe máa jáde bí iṣẹ́ bá ṣe ń dé ibì kan. Kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kù lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi kó àlejò sínú ilé náà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ yẹn ni ẹ máa mọ̀ bóyá omi ń ṣàn dáadáa nígbà tí ogún èèyàn bá lo ṣáńgà, bóyá iná kíṣìnì gbé fíríìsà méjì, àti bóyá dúrọ́ọ̀ tó ń jáde wọ́ọ́rọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lé yín lọ́wọ́ ṣì ń jáde.